Ìràwọ̀ Mẹ́rìnlá

Ilé ìfọṣọ lèmi àti àbúrò mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì là ń ká. Tó bá ti pé méje, a ó ta okùn sí i, ó di ìdì kan. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń kà á.

Àbúrò mi wá lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ méjì péré ni wọ́n ti kọ́ wọn tí tíṣà fi ní kí wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ oókan dé ọgọ́rùn-ún, kó fi àmì ìràwọ̀ sí gbogbo nọ́ńbà keje-keje. Ẹni tí kò bá rí i ṣe dọjọ́ Ẹtì, kó má padà wá. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ń retí àyè.

Àbúrò mi sáré wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò tíì kọ́ wa ní èyí o! Wọn ò tíì fẹ́yàwó, wọ́n ní ká wá sọmọ lórúkọ.”

“Ṣé o bi tíṣà?”

“Ó ní ẹni tó bá ní làákàyè á mọ̀ ọ́n. Gbogbo kíláàsì mirí, èmi náà mirí.”

Àṣẹ kan fún nọ́ńbà kan ló kọ, ọgọ́rùn-ún ìlà gbáko. Mo ka ìràwọ̀ rẹ̀: mẹ́tàlá.

“Kò pé.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ kọ̀ǹpútà o.”

“N ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ ṣíìtì. Ọgọ́rùn-ún ṣíìtì, ìdì mẹ́rìnlá ni, ó ku méjì nílẹ̀.”

A wá a títí. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló fò; ó fi ìràwọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo sìn ín lọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìlà mẹ́rin mẹ́rin làwọn yòókù mú wá, inú fóònù ni wọ́n ti wò ó. Tíṣà bi wọ́n pé kí ni ìlà kejì ń ṣe. “Tíṣà, ó ṣáà ń ṣiṣẹ́.” Ó kọ orúkọ àwọn mẹ́sàn-án sójú pátákó: wọ́n ti lọ nìyẹn.

Ó kan àbúrò mi. Ẹnì kan rí ọgọ́rùn-ún ìlà rẹ̀, ó ké pé, “Ìyá Onílà!” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kà á tán.

“Tí mo bá ní kó dé ẹgbẹ̀rún ńkọ́?”

Mo dìde níbi tí mo jókòó sí.

“Tíṣà, màá kọ ẹgbẹ̀rún. Àmọ́ ó jọ pé ọ̀nà kan wà tí ẹ ò tíì fi hàn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Ẹ kọ́ mi.”

Tíṣà ṣíwèé rẹ̀, ó ṣí i sẹ́yìn. “Inú ẹ̀kọ́ karùn-ún ni mo ti mú ìbéèrè yìí.” Ó nu orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kẹta.

Àbúrò mi ò kúrò lórí àga rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó kọ “ẹ̀kọ́ kẹta” sókè. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà.