Ọ́ìlì Tó Jò Lára Alùpùpù Bàbá Mi

Onínúfùfù ni mí, n kò ní purọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Àdó, kò sì sí ọmọ tó jókòó ní kíláàsì mi rí tí kò mọ̀ pé ohùn mi máa ń ṣáájú làákàyè mi dé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìbínú nìkan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ǹ bá ti gbàgbé ẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tí bàbá mi kú, alùpùpù wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Òun ni wọ́n ń gùn lọ kí ìyá mi nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn, orí ẹ̀ náà ni ìyá mi jókòó sí, tí wọ́n gbé mi mọ́ àyà, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi délé ní Kúdẹtì. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń tún un ṣe látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìyẹn bàbá mẹkáníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nísàlẹ̀ òkè Mápó, lójú ọ̀nà Bẹẹrẹ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n jọ ń kírun ní Bẹ́yẹrúnkà. Ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́rin. Páànù mẹ́rin lórí òpó igi, bẹ́ǹṣì méjì àti àpótí irin kan ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ọlọ́kadà tó ń ná Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba ni oníbàárà wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n gbà pé ohun tí bàbá yẹn bá fọwọ́ kàn, ó dáa nìyẹn.

Lọ́dún yẹn, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo rí i pé ọ́ìlì ń yọ lára ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù náà méjèèjì, níbi tí ṣọ́ọ̀kù wà. Bí mo bá tẹ bíréèkì, gbogbo iwájú ẹ̀ á rì wọlẹ̀. Mo gbé e lọ bá bàbá mẹkáníìkì náà. Bàbá fi ìka kan nu ọ́ìlì náà, wọ́n gbóòórùn ẹ̀.

“Síìlì ló ti kú,” wọ́n ní. “Rọ́bà ni. Rọ́bà náà ń darúgbó bíi tiwa.”

Síìlì ni rọ́bà róbótó tó ń dì mọ́ irin ṣọ́ọ̀kù, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì inú ẹ̀ jáde. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí bàbá tó sọ ọ́, nítorí mo ti wo fídíò tó pọ̀ lórí fóònù mi. Òyìnbó kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ló ń ṣe é, ilẹ̀ ibi iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ ju tábìlì oúnjẹ mi lọ. Mo ti ra síìlì méjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kó wọn dání, mo sì sọ fún bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe ẹsẹ̀ kan. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa. Mú òsì, kí n mú ọ̀tún.”

A tú táyà, a yọ ẹsẹ̀ méjèèjì, a da ọ́ìlì àtijọ́ sínú àwo, ó dúdú bí omi aró. A jókòó kojú síra wa, kálukú pẹ̀lú irin tiẹ̀. Nígbà tó kan kí a ki síìlì tuntun bọ orí irin, bàbá mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, wọ́n gé e, wọ́n fi ọ́ìlì pa á, wọ́n wé e mọ́ ẹnu irin. Síìlì tiwọn yọ̀ kọjá lórí ọ̀rá náà wẹ́rẹ́. Wọ́n fa ọ̀rá yọ, wọ́n sì nà án sí mi.

“Ẹnu irin yìí mú. Bí rọ́bà bá kọjá lórí ẹ̀ lásán, á gé e.”

N kò rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nínú fídíò kankan. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ohùn tí mo fi ń bá ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé wí ni mo sì fi sọ ọ́. “Bàbá, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Wọ́n rọra fi ọ̀rá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì yíjú sí iṣẹ́ wọn. Mo ti síìlì tèmi wọlé lásán. Mo gbọ́ tí nǹkan kan dún fín níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo wọ búbá àti ṣòkòtò funfun, mo gun alùpùpù náà, mo ń lọ kírun. Ní Ọjà'ba, obìnrin kan na ìka sí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo fi máa wo ilẹ̀, ọ́ìlì ti fọ́n sí mi lára láti orúnkún dé bàtà. Àwọn tó ń ra ata yíjú wò mí. N kò lọ kírun mọ́. Ṣọ́ọ̀bù bàbá ni mo darí sí tààrà.

Ọlọ́kadà bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wà níbẹ̀. N kò kí ẹnikẹ́ni.

“Bàbá, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Ojú yín ò ríran mọ́, ọwọ́ yín ń gbọ̀n, kí ló dé tẹ́ ò jókòó sílé? Àbí ẹ fẹ́ kó pa mí ni?”

Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni ojú mi ti bọ́ sára alùpùpù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbẹ táútáú. Ẹsẹ̀ òsì ló ń jò, òsì náà ni ṣòkòtò mi ti bàjẹ́. Èmi ni mo ṣe òsì. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ohùn mi tún ròkè sí i, nítorí mo rò pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á mọ̀.

Bàbá wo ẹsẹ̀ òsì, wọ́n wo ojú mi. Mo rí i pé wọ́n ti mọ̀ pé mo ti rí i. Wọ́n wá kọjú sí àwọn ọlọ́kadà.

“Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi ni. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ẹ bá mi bẹ tíṣà.”

Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọlọ́kadà náà dìde, ó bọ́ fìlà, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, àgbà ni wọ́n, ẹ má bínú.” Àwọn yòókù náà dá sí i. Èmi, tí mo ba iṣẹ́ jẹ́, ni mo dúró níbẹ̀ tí mo fọwọ́ sẹ́yìn, tí mo ní mo ti gbọ́, mo ti forí jì wọ́n. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi máa ń bù mí jẹ.

Bàbá tún ẹsẹ̀ òsì ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n yọ síìlì tèmi, mo rí ibi tó ti ya, kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Wọ́n yára kì í bọ àpò kí ẹnì kankan tó rí i.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Láàárín oṣù méjì, alùpùpù tó ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù náà ku méjì, ó ku ẹyọ kan, ó tán. Mo bi ọlọ́kadà kan léèrè. Ó ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìdí Arẹrẹ ni àwọn ń lọ báyìí. “Bàbá fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò ríran. Ta ni kò fẹ́ràn ẹ̀mí ẹ̀?”

Mo lọ bá bàbá lẹ́yìn ìrun Alaásárì, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tó rin fún ọ́ìlì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà á.

“Tíṣà ni ẹ́,” wọ́n ní. “Ọmọ àwọn èèyàn yẹn lò ń kọ́. Bí mo bá ní ìwọ lo bà á jẹ́, tó o tún wá ń pariwo lé mi lórí, ojú wo lo fẹ́ máa fi wò wọ́n? Dìde.” Wọ́n fà mí lọ́wọ́ dìde. “Mo rò pé wọ́n á gbàgbé ni.”

Mo ní màá lọ sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo dúró láàárín àwọn ọlọ́kadà ní Bẹẹrẹ, mo sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní èmi ni mo fa síìlì ya, mo mọ̀ nígbà tí mò ń pariwo, kò sí ohun tó ṣe ojú bàbá tàbí ọwọ́ wọn. Ọlọ́kadà àgbà tó bá bàbá bẹ̀ mí lọ́jọ́sí mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Tíṣà, irú yín ò pọ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n ba nǹkan ẹ̀ jẹ́, tó tún wá ń gba ẹ̀bi ẹ̀ sọ́rùn, kí àgbàlagbà má baà tẹ́.”

Mo ní rárá, òótọ́ ni mò ń sọ. Mo búra.

“Ẹ má búra, Tíṣà. Ó ti yé wa. Ọmọlúàbí ni yín.” Ó bọ́ fìlà ẹ̀. “Bẹ́ ẹ ṣe bo bàbá yẹn láṣìírí, Ọlọ́run á bo ẹ̀yin náà láṣìírí.”

Gbogbo wọn ní àmín. Wọ́n ń wo ẹnu mi. Èmi náà ní àmín.