Tẹlifíṣàn Tó Ń Sọ Faransé

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ohun tó kọ́kọ́ dákẹ́ nínú ilé wa ni tẹlifíṣàn. Ọkọ mi ló máa ń san owó kébù, òun náà ló mọ nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ kí àwòrán tó padà. Mi ò bi í rí. Nígbà tí èyí tó san kẹ́yìn tán, ojú tẹlifíṣàn ṣú, àkọlé kan sì jáde lórí rẹ̀ pé kí á lọ sanwó. Mo jẹ́ kí àkọlé yẹn wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá tàn án, màá jókòó síwájú rẹ̀, màá sì máa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìmọ́lẹ̀ yẹn sàn ju kí yàrá ṣókùnkùn lọ.

Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti kúrò nílé, ọ̀kan wà l'Ékòó, èkejì wà l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ní kí n máa wo nǹkan lórí fóònù. Mo gbìyànjú ẹ̀, àmọ́ dátà a máa tán kí ìròyìn tó dé ìdajì. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan wá kó fíìmù sínú fúláàṣì fún mi. Mo wo gbogbo rẹ̀ tán, mo tún un wò, ó sì sú mi. Fíìmù inú fúláàṣì dà bí oúnjẹ àná. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lónìí ni mo fẹ́ gbọ́, ẹni tó mọ̀ pé òjò rọ̀ láàárọ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi yìí náà ló sọ fún mi pé àwọn ìkànnì kan wà lójú ọ̀run tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí wọn. Mo pe ọkùnrin tó ń tún díṣì ṣe ládùúgbò wa n'Ílaròó. Ó gun òrùlé, ó yí díṣì wa àtijọ́ kúrò níbi tó kọjú sí, àwọn oníwàásù sì dé, àti àwọn Lárúbáwá, àti àwọn tó ń ta òrùka. Mo bi í bóyá kò sí ti ilé wa. Ó ní tí mo bá fẹ́ ti ilé, kí n ra èríà, kí n wá ọparun gígùn tí a máa so ó mọ́. A ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kọjú rẹ̀ sí apá Abẹ́òkúta, àwòrán náà dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan láàárín eruku èlùbọ́. Ó ń yí ọparun náà lọ díẹ̀díẹ̀, èmi ń pariwo láti inú ilé pé kò tíì mọ́. Àfi ìgbà tó kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ni àwòrán bá mọ́ kedere, ohùn náà sì já gaara. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn, àmọ́ Faransé ló ń sọ.

Ọdún tí wọ́n ti bodè ni. Ìrẹsì kò wọlé mọ́, àwọn sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù kún ojú ọ̀nà, wọ́n sì ní kí ilé epo tó bá sún mọ́ bodè má ta epo mọ́, tó fi jẹ́ pé tiwa n'Ílaròó di ìlà gígùn. Èèyàn ò lè lọ sí Kútọnu, ṣùgbọ́n Kútọnu wá bá mi nínú pálọ̀ láìgba ìwé ìrìnnà.

Mi ò gbọ́ Faransé. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ti Faransé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn ní àwọn èdè ilẹ̀ wọn, ó sì kan Yorùbá. Ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà mi.

“Tíṣà, ṣé ilé wa lò ń gbọ́ yẹn?”

Ìyá ìyàwó tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà yàrá tó kọjú sí tèmi ni. Láti Ìpóbẹ̀ ló ti wá, ní òdìkejì bodè, láti wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá ti lè jókòó lòun máa padà. Ọmọ ti jókòó, ó ti ń rá, bodè sì wà ní títì. Ọkọ ìyàwó ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì n'Íbèṣè, ìyàwó náà á pọn ọmọ lọ sí ọjà láàárọ̀, á wá ku Màmá nìkan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ti ń kí ara wa láti ìgbà tó dé, kò ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ kúulé lọ. Mo ní kí ó wọlé. Kò jókòó títí ìròyìn fi parí.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá. Ó ti ṣòwò dé Àjàṣẹ́ àti Kútọnu nígbà èwe rẹ̀, ó gbọ́ Faransé dáadáa, òun ló sì ń túmọ̀ fún mi. Bí mínísítà kan bá sọ̀rọ̀ títí, tó ń ju ọwọ́, Màmá á ní, “Ó ní ká ṣe sùúrù.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi ọjà kan hàn, á dìde, á sún mọ́ ọn, á fi ìka tọ́ka sí ibi tí òun máa ń já ẹrù sí. Á kí ẹni tó ń ka ìròyìn bó bá wọlé, á sì tún kí i pé ó dàárọ̀.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni ìkéde òkú. Wọ́n á fi fọ́tò olóògbé hàn, orin ṣọ́ọ̀ṣì á máa lọ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ka orúkọ ẹbí àti ọjọ́ ìsìnkú. Màmá á sọ ìdílé tí wọ́n ti wá, ẹni tí wọ́n fẹ́, àti ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí. Èmi tí mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ wá ń mọ ìtàn wọn ju ti àwọn ará àdúgbò mi lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, a ń jẹ àgbàdo sísè, fọ́tò bàbá arúgbó kan jáde. Ó dé fìlà funfun, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo dúró kí Màmá sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Orin lọ, ẹni tó ń kà á kà á tán, fọ́tò ẹlòmíràn jáde. Mo bojú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àgbàdo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi í sẹ́nu, kò gbé e sílẹ̀.

Mo ní, “Màmá, kí ni wọ́n wí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó ti ọjà dé, ó bá wa níbi tí a jókòó sí, ojú ìyá rẹ̀ sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ó ti mọ̀. Gbogbo wọn ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì jọ pinnu lórí fóònù pé kí wọ́n má sọ fún Màmá, kí ó má baà lóun á gba inú igbó lọ.

Màmá ò bínú sókè. Ó kàn ní, “Ẹ wá jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò.”

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Ní Fúráìdé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi nílé ìwé, mo sì tẹ̀ lé e. A wọ mọ́tò dé Ọjà-Ọ̀dàn, a gun ọ̀kadà méjì láti ibẹ̀, títí a fi dé ibi tí àwọn sójà gbé igi dábùú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Yorùbá, gbé bẹ́ǹṣì fún Màmá. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀ tán, ó ní àṣẹ kì í ṣe tòun, òun ò lè jẹ́ kó kọjá. Kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tí a ṣẹ́rí padà, ọlọ́kadà tó gbé Màmá rọra sọ fún wa pé òun mọ ọ̀nà àwọn onífàyàwọ́ nínú igbó, òun lè gbé e dé Ìpóbẹ̀ kí òjò tó ṣú. Èmi ti fẹ́ ní kó máa lọ. Màmá mi orí.

“Ẹni tó ń lọ sìnkú kì í gba ọ̀nà olè,” ó wí. “Ẹ jẹ́ ká relé.”

Lọ́jọ́ kejì, kò síná. Ọmọ rẹ̀ ti tò síbi epo láti ìdájí, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wá fún jẹnẹrétọ̀ mi. A jókòó síwájú tẹlifíṣàn, àwa mẹ́ta àti ọmọ. Mo rò pé Màmá ń retí pé wọ́n á fi ìsìnkú náà hàn. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbá. Lẹ́yìn náà obìnrin kan ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń se ẹja. Màmá ò gbójú kúrò. Fóònù dún ní ọ̀sán, ọmọ rẹ̀ gbé e sí i létí, mo gbọ́ orin àti ẹkún díẹ̀ láti ibi tí mo wà, ni ó bá já. Wọ́n tún pè, kò wọlé.

“Wọ́n ti gbé e wọlẹ̀,” ni Màmá wí. “Pa á.”

Mo pa tẹlifíṣàn, mo jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti lọ sí yàrá wọn.

Ó ṣì ń wá lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe lójoojúmọ́. Kì í túmọ̀ mọ́, èmi náà ò sì bi í. Bí orin ìkéde òkú bá ti bẹ̀rẹ̀, á dìde, á kí mi pé ó dàárọ̀. Mo gbìyànjú láti yí i sí ìkànnì mìíràn kí ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i, ó ní kí n má ṣèyọnu.

Wọ́n padà ṣí bodè. Màmá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, mo bá a gbé báàgì dé gáréèjì. Kò pẹ́ tí ọkọ ìyàwó rí ilé n'Íbèṣè, àwọn náà kó lọ. Yàrá yẹn ṣófo fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọ mi ní àwọn á máa san owó kébù fún mi. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná.

Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ilé ìwé ní ìsinmi, mo lọ kí Màmá ní Ìpóbẹ̀. Ó ti gbẹ díẹ̀. Ó mú mi lọ sí ojú oórì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fi ọwọ́ gbá ewé kúrò lórí rẹ̀, a dúró. Ó tẹ ẹ̀bà fún mi. A jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn ní Faransé nígbà mìíràn. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó bi mí bóyá mo ti rí ayálégbé tuntun ní yàrá ọ̀hún, mo ní kò tíì sí.

Mo padà wọ Ìlaròó nírọ̀lẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, mo tan iná, mo sì lọ wo ohun tó kù nínú ìkòkò.