Ilẹ̀kùn Yèyé ní Òkè-Ìmẹ̀sí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé káfíńtà tó ń tún nǹkan àtijọ́ ṣe kò lè tú ilé onílé ká, ẹ ní kó wá bá mi ní Àrámọ̀kọ. Èmi Jídé, mo tú ilé kan ká ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Mi ò na ẹnikẹ́ni, mi ò sì jí abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo gbẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn gan-an ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti fọwọ́ ṣe láyé, inú mi sì máa ń bàjẹ́ bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń yìn ín.

Ẹ̀fọ̀n ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Bàbá Ògúnlékè. Agbẹ́gi ni wọ́n, ọmọ agbẹ́gi ni wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbé àpótí ìjókòó àtijọ́ kan fún mi, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n ní kí n bá àwọn nù ún. Èmi alágbára má mèrò, sánpépà ni mo gbé. Mo ha àpótí náà títí ó fi funfun bí ẹ̀kọ, mo wá ń retí kí Bàbá wá yìn mí. Nígbà tí wọ́n dé, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

"Jídé, ta ló ní kí o bó o láwọ?"

"Ẹ ní kó mọ́ ni, Bàbá."

"Èéfín ìdáná ìyá ìyá mi lo ha dànù yẹn. Ó yá, dá a padà."

Wọ́n kó ìkóǹkò mẹ́ta fún mi lórí, wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ èyí tó dùn mí jù: "Nǹkan àtijọ́ kì í ṣe igi lásán. Kí o tó fọwọ́ kàn án, bi àwọn tó ń lò ó léèrè, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin ilé. Àwọn ni wọ́n mọ ohun tó wà lára rẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Etí ló gbọ́ o, ọkàn kò gbà á.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Àrámọ̀kọ. Kò sí irú nǹkan àtijọ́ tí wọn kò gbé wá: àga àwọn tíṣà ayé ọjọ́un tí wọ́n fi okùn hun ìdí rẹ̀, àpótí aṣọ tí wọ́n to ìṣó idẹ sí lára, dígí onífírémù tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì, àtùpà onídẹ. Mo mọ èyí tí wọ́n fi máhógánì ṣe, mo sì mọ igi yẹpẹrẹ tí wọ́n kàn fi pólíìṣì tan èèyàn jẹ. Ìyáàfin kan gbé àga bàbá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìjerò, ojúlówó máhógánì, apá rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní kí n fọ́n ọ̀dà góòlù sí i kó lè bá kọ́tìnì òun mu. Mo ní, "Mà, ẹ kúkú ní kí n fọ́n ọn sí bàbá ọkọ yín lára." Ó gbé àga rẹ̀, ó bínú lọ. Bí mo ṣe máa ń fọ́nnu nígbà yẹn nìyẹn, pé èmi lè lé oníbàárà nítorí ohun àtijọ́. Èmi náà ni mo padà wá ṣe ohun tó burú ju ọ̀dà góòlù lọ.

Abẹ́ òkè, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ni ilé Yèyé wà. Opó ni Yèyé, ìyá ìjọ sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Pákó ìrókò kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé náà. Kò ní ìnsì. Èèkàn kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, wọ́n gbẹ́ wọn mọ́ pákó náà ni, àwọn ló sì ń yí nínú ihò tí wọ́n dá sókè àti sílẹ̀. Ìwo ilẹ̀kùn ni Bàbá Ògúnlékè máa ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ́ yóò dá ìwo náà ni, ìdí nìyẹn tí Yèyé kì í fi í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án bí kò ṣe èmi. Ọdọọdún ni mo máa ń lọ fi òróró sí i. Yèyé á gún iyán dè mí, wọ́n á ní, "Jídé ọmọ mi, jẹun kí o tó ṣiṣẹ́." Ìyá tèmi ti kú tipẹ́, nítorí náà gbólóhùn yẹn máa ń wọ̀ mí lára.

Wọ́n gbẹ́ obìnrin kan tó pọn ọmọ sí àárín ilẹ̀kùn náà. Ìyàwó tuntun tó bá wọ ilé yẹn, bí wọ́n bá ti bomi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà, yóò fi epo pa ẹ̀yìn ọmọ náà. Ẹ̀yìn ọmọ igi yẹn ti wá ń dán, imú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Àràárọ̀ ni Yèyé máa ń lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí kí wọ́n tó gbàdúrà.

Délé, ọmọ Yèyé ọkùnrin, ń gbé l'Ékòó. Fúnmi, àbúrò rẹ̀, ló wà pẹ̀lú Yèyé. Ìgbà kan wá tí Fúnmi mú Yèyé lọ sí Adó nítorí ojú tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì lo oṣù méjì lọ́hùn-ún. Ilé dá. Ìgbà yẹn ni Délé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ikán ti mú ilẹ̀kùn Màmá. Àwọn kan wà l'Ékòó tí wọ́n ń fi oògùn tọ́jú irú ẹ̀. Ẹ bá mi gbẹ́ òmíràn tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, ká má fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu."

"Ṣé Màmá mọ̀ sí i?"

"Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ṣé èmi kọ́ ni ọkùnrin ilé ni?"

Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Mo fi ìka kan ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ilẹ̀. Igi tí ikán ti jẹ máa ń dún bí páálí, ṣùgbọ́n èyí ń dún kò, kò, kò. Ikán kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì pa ẹnu mi dé. Kì í ṣe owó ló fọ́ mi lójú, ìgbéraga ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó pé ṣé ọwọ́ mi tó ti agbẹ́gi tó gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, Délé sì ti wá fún mi láyè láti dán an wò.

Mo rí pákó ìrókò tó ti gbó dáadáa nínú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó ní Ẹrìò. Mo fi okùn wọn ilẹ̀kùn Yèyé síwá sẹ́yìn, mo gbẹ́ tèmi tẹ̀lé e. Mo lọ èédú, mo fi àdín pò ó, mo fi kùn ún, mo sì gbé e kọ́ òkè ààrò ìyàwó mi títí èéfín fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀yìn ọmọ yẹn, àkísà àti epo ni mo fi ń pa á lójoojúmọ́ títí ó fi dán. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ inú, mo rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé síbẹ̀, òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn obìnrin yìí ti ń gé iṣu lórí ilẹ̀kùn baba ńlá wọn. Mi ò gbẹ́ ìyẹn sí tèmi. Mo jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ roro, mo sì rò pé oore ni mo ṣe.

Mo so tèmi rọ̀. Délé fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ti àtijọ́, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ.

Ọjọ́ tí Yèyé ti Adó dé, mo ti lọ dúró síbẹ̀ láti àárọ̀. Mo fẹ́ wò ó bóyá wọ́n á mọ̀. Ẹ wo ìwà ìkà! Fúnmi dì wọ́n lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn. Wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọ igi náà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n wọlé. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Yèyé wá ti ilẹ̀kùn náà láti inú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá a síwá, wọ́n wá a sẹ́yìn.

"Fúnmi, àwọn ọmọ mi dà?"

"Àwọn ọmọ wo, Màmá?"

"Àwọn mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta mi dà?"

Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ lẹ́nu Yèyé ohun tí àwọn obìnrin ilé náà kì í sọ fún ọkùnrin. Tí ọmọ ọwọ́ bá kú láyé ọjọ́un, wọn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, wọn kì í sì í jẹ́ kó sunkún pẹ́. Nítorí náà, ìyàwó ilé tí ọmọ rẹ̀ bá kú á fi ọ̀bẹ ìdáná gé ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí ojú ọkùnrin kì í dé. Yèyé bí mẹ́ta kí wọ́n tó bí Délé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Ìlà mẹ́ta tí Yèyé gé síbẹ̀ nìkan ni sàréè tí àwọn ọmọ náà ní, àwọn ni Yèyé sì ń kí láràárọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Mo rántí ojú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gé wọn síbẹ̀ báyìí."

Yèyé wò mí. "Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

Fúnmi pe Délé lórí fóònù, gbogbo wa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ oògùn ikán. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé òun ti tà á, pé ó ti kúrò nílẹ̀ yìí. "Màmá, igi lásán ni. Ilé tuntun ni mo fẹ́ fi owó ẹ̀ kọ́ fún yín."

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lo tà, Délé," ni Yèyé wí. Wọ́n dá fóònù padà fún Fúnmi, wọ́n wá fi ohùn Èkìtì wọn sọ pé ilé àwọn kọ́ mọ́: "Ulé mi kọ́ lèyí mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, Yèyé kò gba ẹnu ọ̀nà iwájú mọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, láti ìdáná. Mo lọ bá Délé l'Ékòó lẹ́ẹ̀mejì pé kó mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á. Ó ní ẹni náà kò gbé fóònù òun mọ́. Mò ń gbé iṣu lọ fún Yèyé. Wọ́n á gbà á, wọ́n á ní, "O ṣeun, káfíńtà." Káfíńtà! Wọn kò pe orúkọ mi mọ́ títí wọ́n fi kú.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni Fúnmi pè mí. "Bọ̀dá Jídé, Màmá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ìdáná ni ká gbé àwọn gbà jáde. Ibẹ̀ há fún pósí. Ẹ wá bá wa yọ ilẹ̀kùn ibẹ̀."

Mo lọ. Ilẹ̀kùn mi ńlá ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú, kò sẹ́ni tó yà sí i. Ti ìdáná jẹ́ pákó jákujàku tí wọ́n fi ìṣó kàn pọ̀, tí wọ́n fi páànù lẹ̀ nísàlẹ̀. Mo tú ìnsì rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀, inú rẹ̀ wà lókè. Délé dúró tì mí nínú aṣọ funfun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jù ú nù. A máa ra onírin."

"Bẹ̀rẹ̀, kí o wo ìsàlẹ̀ yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka ka àwọn ìlà ọ̀bẹ tí Yèyé gé síbẹ̀. "Mẹ́rin ni. Ṣé mẹ́ta kọ́ ni Màmá sọ ni?"

"Mẹ́ta ni wọ́n sin."

Ó tún un kà. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìdáná pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Fúnmi kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Wọ́n gbé pósí Yèyé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo so ilẹ̀kùn ìdáná padà. Mi ò ha á, mi ò kùn ún. Àwọn tó bá ń lọ sí Ìkògòsì ṣì máa ń yà wá ya fọ́tò ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n á ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa!" Mi ò ní sọ fún wọn. Mi ò gbẹ́ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà yẹn, àtúnṣe àga nìkan ni mò ń ṣe, mo sì máa ń bi ìyá ilé léèrè kí n tó fọwọ́ kàn án.

Délé gbà pé òun ni ìlà kẹrin, gbogbo ẹbí sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì ni Yèyé máa ń pè ní ọmọ wọn: Délé, àti èmi. Ìlà kan péré ló lé lórí mẹ́ta. Fúnmi tó ń gbé pẹ̀lú wọn mọ ẹni tó jẹ́, mi ò sì tíì lè bi í.