Ta Ló Tẹ Laurel Dó?

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí bàbá mi dé ọ̀dọ̀ mi ní Laurel, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ni ó bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn. A wà nínú mọ́tò lórí Route 1, ìkùukùu òwúrọ̀ bo ojú ọ̀nà débi pé iná ẹ̀yìn àwọn mọ́tò tó ṣáájú wa nìkan là ń rí. Mo ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ní:

"Nọ́ọ̀sì, ta ló tẹ ìlú yìí dó?"

Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí ló ti ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ọdún mélòó ni mo ti ń gbé ibẹ̀? Mo ní mọ́kàndínlógún. Ó mi orí bí olùkọ́, mo sì mọ irú orí mímì yẹn. Òun ló kọ́ mi ní ìtàn nílé ìwé girama ní Ìbàdàn. Òun náà ló fún mi ní máàkì tó kéré jù lọ ní kíláàsì, tó tún kọ ọ́ sára ìwé mi pé kí bàbá mi wá rí òun.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí, kí n má fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Bàbá fẹ́ padà sílé. Ó fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Màmá wa, tí a sin sí ẹ̀yìn ilé ní Ìbàdàn. Èmi sì mọ̀ pé bó bá padà, ikú ló ń lọ bá. Mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ tí a kò fọ̀ ń ṣe fún èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà nílé ti wádìí kiri. Ọ̀nà jíjìn ni wọn ì bá máa gbé e lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ikú kọ́ lòun ń bẹ̀rù, pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni kí òun máa gbé ìlú tí òun kò mọ ìtàn rẹ̀, bí ẹni tó wọlé onílé tó sùn láìkí i. Ó ní bí ewé bá ti ń wọ́, kí n wá tíkẹ́ẹ̀tì fún òun.

Mo ní, "Daddy, tí mo bá sọ ìtàn Laurel fún yín, from the beginning títí dé òní, ṣé ẹ máa dúró?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó kọ ọ́ sínú exam pé òyìnbó ló tẹ Ìbàdàn dó?"

"Ẹ ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí mo ti wà ní fọ́ọ̀mù tú."

"Màá sọ ọ́ títí màá fi kú. Ó dáa. Sọ ìtàn náà. Má yọ nǹkan kan sílẹ̀. Bó bá pé, màá dúró."

Bí èmi tí mo máa ń sun oorun àsùnpiyè lọ́jọ́ ìsinmi ṣe di ẹni tó ń lọ sí ilé ìkàwé nìyẹn. Ilé ìwòsàn ń gba wákàtí méjìlá lọ́wọ́ mi lójúmọ́, ìwé ń gba ìyókù. Bí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ Bàbá tán, àárẹ̀ a mú un, ojú rẹ̀ a sì máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ sùn. Màá wa mọ́tò lọ sí etí odò Patuxent, níbi tí igi ti ṣíji bo omi, màá dẹ ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, màá sì bẹ̀rẹ̀. Láàárín oorun àti jíjí ló ti ń gbọ́ ìtàn. Nígbà mìíràn mo rò pé kò gbọ́ mọ́, àfi kó ṣàdédé bi mí ní ìbéèrè láìlajú.

Orí odò ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí òyìnbó tó dé, àwọn onílẹ̀ kan ti ń pẹja nínú omi yìí, wọ́n ń dọdẹ àgbọ̀nrín nínú igbó tó yí i ká, wọ́n sì ń dáko àgbàdo.

"Àgbàdo kẹ̀?" Ó la ojú kan.

"Àgbàdo, sir. Àti ẹ̀wà. Àti elégédé."

"Ará ilé ni wọ́n nígbà náà. Níbo ni wọ́n wà?"

Mo ní àrùn tó bá òyìnbó wọlé pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn òyìnbó náà gba ilẹ̀ mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ṣí lọ. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní Maryland, ṣùgbọ́n n kò tíì bá ẹnì kan nínú wọn pàdé ní Laurel rí. Ó ní ní Ìbàdàn, bí èèyàn bá gbé búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo sórí ilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ mẹ́wàá á ti yọ láti inú igbó, wọ́n á ní kí ó wá sanwó. Èmi wá gbé ìlú kan fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ọmọ onílẹ̀ kan tó wá bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rò pé ó fi ṣe. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn rárá.

Lọ́jọ́ mìíràn ó bi mí nípa orúkọ. Ó ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, kí ni wọ́n wò kí wọ́n tó pe ibí ní Laurel? Mo ní igi kékeré kan tó ń hù nínú igbó ni, ewé rẹ̀ kì í wọ́ bí òtútù bá dé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun mọ ewé yẹn nínú ìwé àwọn ará Róòmù, pé orí ẹni tó bá ṣẹ́gun ni wọ́n ń fi í dé, bí àwa ṣe ń fi ewé akòkó lé orí ìjòyè. Ó dùn mí láti já a kulẹ̀. Mo ní igi mìíràn nìyẹn, pé èyí tó wà níbí, bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé rẹ̀, ó lè kú. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní orúkọ oyè, ewé májèlé, ìlú gidi nìyí.

Nígbà ooru mo mú un lọ sí ilé bíríkì kékeré kan tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ ìlú pamọ́ sí. Ìyá àgbà òyìnbó kan ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú tó sọ Laurel di ìlú, ó sì fi ọ̀pá tí wọ́n ń ká òwú mọ́ hàn wá. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń lọ ọkà lẹ́bàá odò, bí òwú ṣe dé lẹ́yìn náà, bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń jáde níbi iṣẹ́ pẹ̀lú òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú irun wọn. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ó fi òyìnbó olùkọ́ rẹ̀, tó ń sọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, béèrè ibi tí òwú náà ti ń wá. Ìyá àgbà ní láti Gúúsù. Ó béèrè ẹni tó ń já a. Ìyá àgbà wo èmi, ó wo òun, ó ní ẹrú ni.

Bàbá gbé ọ̀pá náà dání. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? A ti dé ibí tipẹ́. A kàn dé láìní ẹrù ni."

Kò tíì tán. Ó bi ìyá àgbà náà pé nígbà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ dé, ọwọ́ ta ni wọ́n ti tọrọ ilẹ̀? Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó rí i pé Bàbá kò rẹ́rìn-ín, òun náà sì pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò bi òun ní irú ìbéèrè yẹn rí. Nígbà tí a ń lọ, ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì di ọwọ́ Bàbá mú ju bí wọ́n ṣe ń bọ èèyàn lọ́wọ́ lọ.

Mo sọ ti tábà tí wọ́n fi ẹrú gbìn ní àgbègbè yìí. Mo sọ ti reluwé tó gba àárín ìlú láti Baltimore lọ sí Washington, ti Route 1, ti pápá eré ẹṣin, ti ilé iṣẹ́ òwú tó kógbá sílé, ti àwọn ilé alájà tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ń jí lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ní bí òun bá di ojú, gbogbo wọn ni òun ń rí lójú pópó lẹ́ẹ̀kan náà: apẹja pẹ̀lú àwọ̀n, àwọn ọmọbìnrin òwú, ẹṣin, èmi nínú aṣọ iṣẹ́ mi tí mo ń sáré torí pé mo ti pẹ́. Ó ní kò sí ẹni tó ń kí ẹnì kejì.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìtàn mi dé òní. Mo sọ ti àwa nọ́ọ̀sì láti Nàìjíríà, ti àwọn ará El Salvador tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ti ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń ṣe nínú ilé kan tó jẹ́ ilé ìtajà tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ó parí, sir."

"Ó kù. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo dé?"

"Daddy, ẹ mọ ìgbà tí mo dé."

"Ìgbà tí o kúrò nílé ni mo mọ̀. Mi ò tíì rí i pé o dé. O ò kan ìṣó kan mọ́ ògiri rẹ. Abọ́ rẹ wà nínú páálí. Àwọn ọmọ rẹ ní ará Laurel làwọn, o ní rárá, Ìbàdàn. Ọdọọdún lò ń sọ fún mi lórí phone pé next year lò ń bọ̀ nílé. Ṣé ibi tí ìwọ fúnra rẹ ò tíì dé lo ti ń bẹ̀ mí kí n dúró?"

Mo gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, mo sì sunkún. Mo sọ òtítọ́ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí, pé bó bá lọ tó sì kú, èmi tí mo mọ̀ ọ́n, èmi tí mo ń tọ́jú bàbá àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́, èmi ni màá ti gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ó ní kí n ran òun lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀. A rìn díẹ̀díẹ̀ dé etí omi. Bàbá tó jẹ́ lérídà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà fún ọgbọ̀n ọdún ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún ibi tí kò sí ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin onílẹ̀. Àlejò yín ni wá. Wọn ò sọ fún ọmọ mi pé ó yẹ kó kí yín. Ẹ má bínú."

Ojú tì mí. Òyìnbó kan tó ń sáré kọjá wò wá. Mo rọra ní, "Daddy, Christian ni wá o."

"Ṣé Kristẹni kì í kí èèyàn ni?"

Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó bi mí pé ta ló kọ́ agbo ilé wa ní Ìbàdàn. Mo ní bàbá bàbá rẹ̀ ni. Ó ní níbo ni wọ́n sin ín sí? Mo ní inú yàrá iwájú. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n sin ín síbẹ̀ ló di ilé wa. Kó tó dìgbà yẹn, àtìpó lòun náà. Màá dúró, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ibí ni kí ẹ sin mí sí. Àwọn ọmọ rẹ ò lè máa pe ara wọn ní ará Laurel kí wọ́n má ní bàbá kan nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ sùn síbẹ̀."

Mo ní, "Màmá ńkọ́?"

"Mo ti bá a sọ ọ́," ló wí, kò sì fi kún un.

Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni mo rí gbà yẹn, ó sì dùn mí wọ egungun. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló gbà láti dúró.

Ó lo ìgbà òtútù méjì sí i. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan ló kú, lórí ibùsùn rẹ̀, kí n tó jí i pé ó tó àkókò láti lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn. Ó ti sunkún. Ó ní wọ́n ti ro ẹ̀gbẹ́ ibojì Màmá, wọ́n ti pe bíríkìlà, ọjọ́ wo ni màá gbé Bàbá bọ̀ wá sílé?

Mo ní, "Brother mi, Bàbá wà nílé."

"Ilé wo?"

"Laurel. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọ́n tún un sọ létí àwọn ọmọ mi."

Ó béèrè, láìbínú, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, pé ta ni yóò wá máa lọ wo ojú oórì náà fún wọn bí gbogbo wa bá ti padà sílé.

Mo ní, "Èmi ni. Mi ò padà mọ́."