Ohùn Láti Ilé Ìdáná

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, ní ilé wa ní Súrùlérè, mo ń wá ohùn rẹ̀ nínú fídíò kan níbi tó ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo bátìrì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Lójijì, iná dé.

"Dádì, ẹ fi kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀! Ọbẹ̀ ń tutù o!"

Láti ilé ìdáná ni. Mo ti dáhùn pé, "Mò ń bọ̀," kí n tó rántí wáyà tó fà láti ara kọ̀ǹpútà dé ìdí sípíkà tí ìyàwó mi fi ń gbọ́ orin ní ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ nínú fídíò náà ń gbà jáde; àìsíná ni kò jẹ́ kó dún.

Ọmọbìnrin wa fẹ́ yọ wáyà náà lánàá. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.