Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ nínú kọ̀ǹpútà Ìyá Sikirat

Ẹ gbọ́, lónìí ni ọkùnrin kan yìn mí torí pé mo tún ohun tí èmi fúnra mi bà jẹ́ ṣe.

Ìyá Sikirat ní ẹ̀rọ tó ń fi òwú ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, ní àdúgbò Venez-Voir, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Èmi ni mo fi Páítọ́nì, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ètò tó ń ṣírò ibi tí abẹ́rẹ́ máa gún. Ìṣẹ́jú méje ló máa ń gbà fún aṣọ kan.

Láàárọ̀ yìí, mo ní kí n jẹ́ kó yá sí i. Mo pín ìṣirò náà fún òṣìṣẹ́ mẹ́jọ nínú kọ̀ǹpútà, ohun tí àwa oníkóòdù ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Oníbàárà kan ti jókòó, ó ń dúró de aṣọ tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀.

Aṣọ tirẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án!

Ìyá Sikirat sọ sí mi létí pé, "Fẹ́mi, ṣé o fẹ́ kó yá ni àbí o fẹ́ kó pẹ́?"

Èmi náà rọra ṣàlàyé sí i létí pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni Páítọ́nì ní. Ẹni tó bá mú un ló lè ṣírò, àwọn méje yòókù á kàn máa dù ú.

"O ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo mọ̀ o. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo rọra lé àwọn òṣìṣẹ́ mi dànù, mo dá ètò náà padà sí bó ṣe wà. Ti ìyàwó gba ìṣẹ́jú méje.

Oníbàárà bá dìde: "Merci, ọ̀gá! Ẹ mọṣẹ́ o! Ẹ wá bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò PK8 ṣe."

Ìyá Sikirat wò mí. Mo fún ọkùnrin náà ní nọ́ńbà mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló máa jẹ́wọ́ nínú yín pé òun ló bà á jẹ́?