Gìtá Inú Àpótí Irin

Kí o tó rí bàbá mi, wàá ti gbọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Ó so wọ́n mọ́ ìgbànú pẹ̀lú ṣéènì kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀, bó bá sì ń bọ̀ ládùúgbò, wọ́n á máa dún bíi ti ẹlẹ́wọ̀n tó wọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sálọ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà kò bí i nínú. Wẹ́dà ni, ilẹ̀kùn irin àti irin ojú fèrèsé sì ni ọwọ́ rẹ̀ dá jù. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀: "Ọlọ́dẹ lè sùn. Irin kì í sùn."

Gbogbo fèrèsé òpópónà wa ló ní irin tó fọwọ́ rẹ̀ ṣe. Tiwa nìkan ni kò ní. Iṣẹ́ oníbàárà ló máa ń wà níwájú, tiwa á wà lẹ́yìn, títí olè fi dé.

Gìtá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olè náà wá mú. Àbúrò ìyá wa, tó máa ń rìnrìn àjò ọjà, ló rà á fún un nígbà tó rí i pé ọmọ náà kì í yéé na rọ́bà mọ́ ẹnu páálí, tí á máa fi ìka ta á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú. Ìyá mi pariwo pé kí a wá kó aṣọ kúrò lórí okùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé gìtá lé àga pálọ̀, ó sáré jáde. Nígbà tó fi máa kó aṣọ wọlé, kọ́tìnnì ti wà níta fèrèsé, omi ń ṣàn lára rẹ̀, àga sì ṣófo. Ẹnì kan ti nawọ́ wọlé, ó fa gìtá jáde bí ẹni fa ẹ̀fọ́ tu.

Bàbá mi dé, ó gbọ́, ó gbá ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó ní aláìbìkítà ni. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró síwájú fèrèsé tí kò ní irin yẹn, ó ń fi ìka wọn ìbú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta gan-an ni aláìbìkítà. Nílé wa, a kì í bi bàbá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èmi ń bi í báyìí.

Àbúrò ìyá mi tún ra òmíràn. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, bàbá mi ti gbà á kí ẹ̀gbọ́n mi tó fọwọ́ kàn án. Ó ní bí olè bá tún jí eléyìí, kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní wẹ́dà mọ́.

Ó wá ṣe àpótí kan. N ò ní parọ́ mọ́ ọn: iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ni, ó gùn tó ọmọdé tó nà gbalaja, kò sí ojú ibi tí olè lè ti ayùn bọ̀, àgàdágodo méjì ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó lu ògiri yàrá rẹ̀, ó jó àpótí náà mọ́ irin inú òpó. Ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń kàn ni. Bí o bá gbọ́wọ́ lé àpótí náà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wàá tètè gbọ́wọ́ rẹ kúrò. Kò tán síbẹ̀. Ó mú irin tín-ín-rín kan, ó tì í bọná títí ó fi pọ́n, ó sì fi kọ orúkọ sẹ́yìn gìtá kí ẹni tó bá jí i má lè rí i tà. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ.

Lẹ́yìn àpótí ni òfin dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ ta gìtá àfi tí bàbá bá wà nílé. Bó bá ń ta á, kí ó ti fèrèsé, kí ó sì ki àkísà sábẹ́ okùn rẹ̀ kí ohùn má baà dé ìta. Bàbá mi ní olè máa ń lo etí kó tó lo ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú ooru, àkísà lábẹ́ okùn, á máa fi ìka yọ́ ta á bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn, tọ́dún fi ń gorí ọdún. Ìyàwó ará yàrá kejì bi ìyá mi lọ́jọ́ kan bóyá eku ló ń họ àwo wa. Ìyá mi ní eku ni.

Olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní orin wá kí wa nígbà kan. Ó gbọ́wọ́ lé àpótí náà, ó sì yíjú sí bàbá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, pákó ni gìtá o. Ooru inú irin yìí á yọ́ àtè tó mú un pọ̀. Àpò aṣọ ló yẹ ẹ́, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí oòrùn ò dé. Bí ẹ ò bá sì ní ṣí i fún ìgbà díẹ̀, ẹ bá a dẹ okùn rẹ̀, kó má fa ọrùn rẹ̀ wọ́."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Àpò aṣọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà, ṣé kí n kúkú bá olè gbé e délé ni? Ẹ̀yin ẹ máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta á. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan."

Ó ní òun ò ní dẹ okùn kankan. Lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá le dan-in dan-in, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni.

Owó ilé-ìwé kò tó ẹni méjì, èmi ni wọ́n rán lọ sí yunifásítì. Gìtá nìkan ló kù fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí nìyẹn tí inú gbogbo wa fi dùn nígbà tí olùkọ́ yẹn mú ìròyìn wá pé onígìtá ẹgbẹ́ olórin òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n máa gbọ́ ọwọ́ àwọn mélòó kan, wọ́n á sì mú ẹnì kan. Ó ti dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi fún wọn. Iṣẹ́ gidi ni, tó lè gbé e kúrò nínú ilé wa.

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá mi ríṣẹ́ gẹ́ètì ilé iṣẹ́ kan nílùú míì. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, èmi wà nílé fún ìsinmi, páànù ilé ń pariwo fún oòrùn lójoojúmọ́. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ọmọ lè máa dánra wò. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni kejì, gbogbo ìlú ló ti ní i. Ó sì lọ, tòun ti ìró ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi èédú fa ìlà sórí pákó kan, ó ń fi ìka dánra wò lórí ìlà náà.

Bàbá mi ṣèlérí pé òun á dé kí ọjọ́ ìdánwò òtẹ́ẹ̀lì náà tó pé, ó sì dé lóòótọ́, nígbà tó ku ọ̀la. Olùkọ́ ti wà nílé wa, ó ń retí rẹ̀. Gbogbo wa wọ yàrá. Kí bàbá mi tó ṣí àpótí, ó kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú àgàdágodo méjèèjì, ó ń wò wọ́n yíká.

Òórùn àtè ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà la rí i. Ikùn gìtá náà ti wú sókè. Pákó kékeré tí wọ́n so ìdí okùn mọ́ ti tú kúrò lójú rẹ̀ lápá kan, ó ń mì dirodiro. Ọrùn rẹ̀ sì ti tẹ̀ síwájú bí igi ọrun. Okùn kan ṣoṣo ló ṣì wà láàyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ta á. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná họ páànù.

"Ẹ wo àgàdágodo yìí," ni bàbá mi wí. "Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kàn án. Olè ò rí i jí."

Olùkọ́ wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú gìtá náà bí ẹni ń wò bóyá ibà ń ṣe ọmọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," ó ní. "Olè ò rí i jí."

Olùkọ́ yá a ní gìtá tirẹ̀. Èmi ni mo bá a lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà lọ́jọ́ kejì. Gbọ̀ngàn gbàǹgbà ni, wọ́n ti da àga borí tábìlì, obìnrin kan ń fi omi nu ilẹ̀. Ọ̀gá àwọn olórin náà jókòó lápá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Mo ń wo ìka rẹ̀, kò ṣi okùn kankan tẹ̀. Ọ̀gá náà ní kó ta á sókè díẹ̀. Ó gbìyànjú. Ó tún ní kó ta á sókè. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì obìnrin yẹn dún ju gìtá lọ. Kò sí àkísà lábẹ́ okùn, àmọ́ ìka rẹ̀ kò mọ̀ pé kò sí.

Ọ̀gá náà dìde, ó rìn títí ó fi dé iwájú rẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ dáa. Mi ò purọ́ fún ẹ. Àmọ́ ta lò ń sá pamọ́ fún?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó wo àwọn fèrèsé gbọ̀ngàn náà. Gbogbo wọn ló ṣí sílẹ̀.

Ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ kan báyìí. Olùkọ́ ní òun á tún máa kọ́ ọ, òun á yá a ní gìtá. Kò lọ.

Àwọn tó mọ bàbá mi ní mo le jù sí i. Wọ́n ní ìfẹ́ ọmọ ló mú un ṣe é. Mo gbọ́. Ẹni tí wọ́n fi ìfẹ́ fún lọ́rùn, ṣebí òun náà kú.

Àpótí náà ṣì wà lára ògiri, gìtá tó fọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, àgàdágodo méjèèjì sì wà ní títì. Bàbá mi máa ń mú àwọn oníbàárà wọlé wá wò ó. Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń fi ìka kan irin náà, ó ní kí ló wà níbẹ̀.

"Gìtá ọmọ mi ni," ni bàbá mi wí. "Kò sí olè tó tíì rí i mú."

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé aṣọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Kò wẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ọmọ tòun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèrè, pé ọkàn òun ò balẹ̀ lórí rẹ̀. Bàbá mi yọ téèpù tó fi ń wọn irin lápò, ó bi í bí fèrè náà ṣe gùn tó.